Orí Keje: Aago Méjì Inú Rúútà, àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Gbà Gbọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pè mí sí ilé ìtura kan n'Íbàdàn. Olè ti wọlé lóru, wọ́n sì ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì lọ ní yàrá àlejò. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà rí wọn; ó ní aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú 16 ni wọ́n ń jáde. Ohun tí mánẹ́jà fẹ́ mọ̀ ni fóònù tó so mọ́ Wi-Fi ilé náà lásìkò yẹn, torí ó fura pé ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi wà lára wọn. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Rúútà a máa kọ fóònù kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé sílẹ̀, pẹ̀lú àsìkò tó wọlé. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà. Fóònù 14 ló wọlé lóru ọjọ́ náà, gbogbo wọn pátá ní oṣù kìíní ọdún 1970.

Lọ́dún 1970, wọn ò tíì bí Wi-Fi. Iná ló lọ tó sì dé, rúútà tún tàn, kò mọ ọjọ́ tí a wà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò mọ̀. Ó kàn ń kọ ọ́ lọ ni. Màá padà sórí ilé ìtura yẹn kí orí yìí tó parí, torí ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́ tó bí mo ṣe kọ́kọ́ rò. Ẹ jẹ́ ká tú rúútà wò ná.

Aago bátìrì àti aago sọ́fítíwíà

Aago méjì ló yẹ kó wà nínú rúútà. Àkọ́kọ́ ni aago bátìrì. RTC ni àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ń pè é. Ilé iṣẹ́ Cisco ń pè é ní calendar. Ṣíìpù kékeré kan ni, tó ní èérún òkúta kúọ́tìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkúta yìí ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan iye yẹn ni: bí ẹ bá ń pín in sí méjì-méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan ló máa kù sílẹ̀, ẹyọ kan yẹn ni ìṣẹ́jú àáyá. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, CR2032 tó ń gbé fóltì 3, ló ń bọ́ ọ nígbà tí iná kò bá sí. Ẹ lè yọ rúútà kúrò nínú iná fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ gbé e láti Èkó lọ sí Ìlọrin nínú páálí. Aago bátìrì ń ka tirẹ̀ nínú òkùnkùn bí ọlọ́dẹ.

Ìkejì ni aago sọ́fítíwíà. Òun ni rúútà fúnra rẹ̀ ń wò: òun ló ń fi àsìkò sí àkọsílẹ̀, òun ló ń mọ̀ bóyá ìwé ẹ̀rí ààbò ti kọjá ọjọ́, òun ló ń tan Wi-Fi àwọn ọmọ ilé ìwé láago mẹ́jọ tó sì ń pa á láago mẹ́ta. Aago yìí kò sí níbì kankan tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Nọ́ńbà lásán ni nínú ìrántí ẹ̀rọ, tí ọkàn rúútà ń fi kún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná dé, wọ́n bí i. Iná lọ, ó kú.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kò ju ibì kan lọ: ìgbà tí rúútà ń jí. Aago sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yóò bi aago bátìrì pé aago mélòó ló lù, yóò gba ìdáhùn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní bi í mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí. Wọ́n rò pé aago méjèèjì jọ ń rìn. Rárá o, oníkálukú ń lọ lọ́nà tirẹ̀, ọ̀kan lè yá, èkejì lè falẹ̀, wọn ò sì ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ẹnì kan yóò fi pàṣẹ pé kí ọ̀kan da èkejì kọ.

Rúútà tí kò ní ẹni tó máa bi

Ọ̀pọ̀ rúútà kékeré tó wà lọ́jà, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà fún ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé, kò ní aago bátìrì rárá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ bátìrì kúrò kó lè dín owó kù. Ọ̀pọ̀ MikroTik tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò fẹ́ràn wà lára irú èyí. Bí ó bá jí, tí kò rí ẹni bi, ibo ló ti máa mú ọjọ́?

Èyí tó bá ń lo Linux yóò bẹ̀rẹ̀ láti agogo méjìlá òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970, torí ibẹ̀ ni ẹbí Unix ti ń ka gbogbo àsìkò wọn. Cisco tí kò ní calendar yóò sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni: 1993 lórí IOS (sọ́fítíwíà inú rúútà Cisco) àtijọ́, 2002 lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ti rí `Mar 1 00:00` níbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ Cisco rí, ẹ ti mọ ohun tó fà á báyìí. OpenWrt, Linux kan tí wọ́n ṣe fún rúútà, ló gbọ́n jù nínú wọn lójú tèmi. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ sysfixtime yóò wo àwọn fáìlì inú `/etc`, yóò wá èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, yóò sì mú ọjọ́ fáìlì yẹn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ òní. Kì í ṣe òótọ́, àmọ́ kò jìnnà sí òótọ́ bíi ti 1970. Bí arìnrìn-àjò tó sùn lọ nínú ọkọ̀ ni: kò mọ ibi tó dé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun ti rí gbẹ̀yìn.

Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí kí ẹ tó mọ irú èyí tí ẹ ní. Ẹ tún aago rẹ̀ ṣe. Bó bá ní aago bátìrì, ẹ kọ àsìkò náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí. Ẹ wá yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ okùn iná. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ dá iná nìkan padà, kí okùn íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó ń sọ. Bó bá mọ àsìkò, bátìrì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ falẹ̀, àmọ́ tí kò jìnnà sí òótọ́, irú ti OpenWrt ni. Bó bá lọ sí 1970 tàbí 2002, ẹ ti rí i. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ní kí ẹ yọ yẹn ṣe pàtàkì, torí bó bá wà níbẹ̀, rúútà lè sáré lọ bèèrè níta, á wá dà bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Àmì tó wà níwájú àsìkò

Lórí Cisco, ẹ tẹ `show clock`. Ẹ lè rí èyí:

`*00:04:17.231 UTC Fri Mar 1 2002`

Ìràwọ̀ tó wà níwájú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo nọ́ńbà. Ohun tó ń wí ni pé, "Mo sọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí." Bó bá jẹ́ àmì ìdánudúró ló wà níwájú, ó túmọ̀ sí pé rúútà gba aago náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń bi níta mọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí kò bá sí àmì kankan, ọkàn yín lè balẹ̀. Àmì yìí kan náà ló máa ń wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá gé e kúrò nígbà tó ń da àkọsílẹ̀ kọ ti gé ẹ̀rí kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó sọ àsìkò fún un, ẹ tẹ `show clock detail`. Yóò sọ bóyá ènìyàn ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bóyá calendar ló ti mú un, tàbí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. `show calendar` ló ń fi aago bátìrì hàn. Ẹ tẹ méjèèjì tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi ọ̀kan wé èkejì. Lórí rúútà tó bá ń lo Linux tí ẹ lè wọ inú rẹ̀, `date` ni ti sọ́fítíwíà, `hwclock` ni ti bátìrì.

Ta ló ń da ta kọ?

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo orí yìí, ẹ má gbàgbé apá yìí. Àṣẹ méjì ló wà, wọ́n jọra lójú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ ló yàtọ̀.

`clock update-calendar`
`clock read-calendar`

Ti àkọ́kọ́ ń mú àsìkò láti inú aago sọ́fítíwíà, ó ń kọ ọ́ sínú aago bátìrì. Ìkejì ń mú ti bátìrì, ó ń kọ ọ́ sórí ti sọ́fítíwíà. Lórí Linux, `hwclock --systohc` ni àkọ́kọ́, `hwclock --hctosys` ni ìkejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tí mò ń bá nílẹ̀ ni ti ẹni tó tẹ `clock set`, tó rí i pé àsìkò ti tọ̀nà, tó gba owó rẹ̀ tó sì lọ. Ó tún aago tó máa kú ṣe, ó fi èyí tó máa kù sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, irọ́ àná yóò jí padà. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ẹni tó ṣi àṣẹ tẹ̀: aago sọ́fítíwíà tọ̀nà, bátìrì ti kú láti ọdún tó kọjá, ó wá tẹ `read-calendar`. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da irọ́ sórí òtítọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ èyíkéyìí, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: aago wo ló tọ̀nà nínú méjèèjì? Òun ni kí a dà kọ. Mo máa ń sọ ọ́ sókè gan-an, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a sì máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọdún pẹ́ tí mo ti ṣi í tẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ má fi ọwọ́ dà á kọ rárá. Lórí Cisco tó ní calendar, `ntp update-calendar` nínú ètò rẹ̀ yóò máa tún aago bátìrì ṣe lóòrèkóòrè láti inú aago tó ti bèèrè níta. Linux ń ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀: bí aago sọ́fítíwíà bá ti bá ti ìta mu, ọkàn ẹ̀rọ lè máa kọ ọ́ sínú RTC ní ìṣẹ́jú 11, 11.

Ooru

Òkúta kúọ́tìsì kì í ṣe áńgẹ́lì. Èyí tó wọ́pọ̀ lè ṣì tó ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 86,400, nítorí náà, àṣìṣe náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lójúmọ́, bíi 52 lóṣù.

Ìyẹn wà fún yàrá tó tutù. Ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ṣe òkúta yìí fún. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń falẹ̀. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún ń falẹ̀. Ìfàsẹ́yìn náà kì í sì í lọ ní dọ́gbadọ́gba: bí ìyàtọ̀ ìgbóná bá di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Rúútà tó wà nínú àpótí irin lábẹ́ páànù, tí inú rẹ̀ dé 50, yóò fi bíi ìṣẹ́jú àáyá 1.8 falẹ̀ lójúmọ́ nítorí ooru nìkan. Ẹ wá ro ti yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kú ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tí rúútà àti UPS sì jọ ń gbóná síbẹ̀. Àwọn ṣíìpù kan wà tó ń wọn ooru ara wọn tí wọ́n sì ń tún ìkà wọn ṣe. DS3231 jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣì ju ìdá 2 nínú mílíọ̀nù lọ láàárín ìwọ̀n 0 sí 40. Ẹ ò ní sábà bá a nínú rúútà olówó pọ́ọ́kú.

Nípa bátìrì fúnra rẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tuntun á fi fóltì 3 hàn tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá ti ń lọ sí 2.5, èmi a pààrọ̀ rẹ̀, mi ò ní dúró kó kú tán. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara ti àtijọ́ kí ẹ tó ra òmíràn, torí LIR2032 ṣeé gba iná sínú, CR2032 kò ṣeé gba. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ojú wọn jọra, bọ́ọ̀dù tó ń fi iná sínú bátìrì sì lè ba CR2032 jẹ́. Kí ẹ tó yọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ètò rúútà náà pamọ́.

Bíbèèrè níta

Láìka bí aago bátìrì ṣe dára tó, ìta ni àsìkò tòótọ́ ti ń wá. NTP ni orúkọ ọ̀nà tí a ń gbà bèèrè. David Mills, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Delaware ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ìwé àlàyé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1985. Mills kú ní oṣù kìíní 2024, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rìn nínú fóònù àpò yín.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn láti lóye. Ẹ rò pé ẹ rán ọmọ lọ bi ará ilé kejì pé aago mélòó ló lù. Nígbà tí ọmọ náà bá fi padà dé, ìdáhùn ti pẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ìgbà tó jáde àti ìgbà tó wọlé sílẹ̀, tí ará ilé kejì sì kọ ìgbà tó rí ọmọ àti ìgbà tó dá a sílẹ̀, ẹ ti ní àsìkò mẹ́rin. Ẹ yọ ìgbà tí ọmọ fi dúró níbẹ̀ kúrò, ẹ pín ìyókù sí méjì, ẹ sì ti mọ iye tó yẹ kí ẹ fi kún un. Ohun kan ṣoṣo tí ìṣirò yìí gbà gbọ́ láìwádìí ni pé àlọ àti àbọ̀ gùn dọ́gba. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹrù ìwọlé ti kún, tí ti ìjáde sì ṣófo, kì í rí bẹ́ẹ̀, àsìkò yín á sì ṣì díẹ̀. Àṣìṣe tó ń ti ibẹ̀ wá kò lè ju ìdajì àlọ àti àbọ̀ lọ.

Wọ́n pín àwọn tí à ń bi sí ipele. Aago átọ́ọ̀mù àti GPS wà ní ipele 0, sáfà tó so mọ́ wọn wà ní 1, ẹni tó bi 1 wà ní 2, títí dé 15. Ẹni tó bá wà ní 16 kò mọ nǹkan kan. Rúútà yín ní 3 tàbí 4 ti dára.

Lórí Cisco, ètò náà kò ju èyí lọ:

`clock timezone WAT 1 0`
`ntp server 162.159.200.1`
`ntp server 162.159.200.123`
`ntp update-calendar`
`service timestamps log datetime msec localtime show-timezone`

Lórí MikroTik tó ń lo RouterOS 7:

`/system clock set time-zone-name=Africa/Lagos`
`/system ntp client set enabled=yes`
`/system ntp client servers add address=162.159.200.1`
`/system ntp client servers add address=ng.pool.ntp.org`

Nọ́ńbà méjì tí mo kọ síbẹ̀ jẹ́ ti time.cloudflare.com. Ẹ fi àwọn mìíràn kún un. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ̀ ń bi, tó bá purọ́, ẹ ò ní mọ̀. Bó bá jẹ́ méjì, tí wọn ò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ń purọ́. Mẹ́rin ni mo máa ń fi sí i. Ẹ má ṣe da time.google.com pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, torí bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún ọdún, Google máa ń pín tirẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú odindi ọjọ́ kan, àwọn mìíràn sì ń fi í kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn ni òru ọdún tuntun 2017. Lọ́dọ̀ wa, kí aago kan tó lù ni ìṣẹ́jú àáyá náà wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Ẹ ṣe sùúrù lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lè kọjá kí `show ntp status` tó sọ pé ó ti bá a mu. Nínú `show ntp associations`, ẹ wo òpó tí wọ́n kọ reach sí. 377 ni ẹ ń wá: ó túmọ̀ sí pé ìbéèrè mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló rí èsì. Bó bá dúró sórí 0, ó lè jẹ́ pé ògiri ààbò kan ló dí ẹnu ọ̀nà UDP 123.

Kókó tó so ara rẹ̀

Ìdí tí mo fi fi nọ́ńbà síbẹ̀ dípò orúkọ nìkan nìyí. Rúútà kan jí láìní bátìrì, ó rò pé 1970 ni. Ó fẹ́ bi ng.pool.ntp.org. Kó tó lè mọ ibi tí orúkọ yẹn wà, ó ní láti bi DNS. Àmọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀ fẹ́ràn ààbò, ó ti ní kí DNS máa gba orí HTTPS. HTTPS mú ìwé ẹ̀rí jáde. Rúútà wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí, ó rí i pé ó kù ju ọdún 50 lọ kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ̀ ọ́. Kò sí DNS. Kò sí orúkọ. Kò sí àsìkò. Nítorí pé kò sí àsìkò, ìwé ẹ̀rí kò ní jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà láéláé. Gbogbo ilé á máa pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, ilé iṣẹ́ tó ń tà á á máa búra pé iná tiwọn ń jó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò NTP ló máa tú kókó yìí, torí nọ́ńbà kò nílò DNS. VPN tó ń lo ìwé ẹ̀rí máa ń bọ́ sínú pàkúté yìí kan náà.

Àmọ́ nọ́ńbà ní ewu tirẹ̀ náà, fún ẹni tó ń ṣe rúútà jáde. Ní oṣù karùn-ún 2003, University of Wisconsin ní ìlú Madison rí i pé ìbéèrè àsìkò ń ya lu sáfà wọn bí òjò. Àwọn rúútà ilé kan tí Netgear ṣe ni: wọ́n ti kan nọ́ńbà sáfà ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ inú sọ́fítíwíà wọn, tí rúútà náà kò bá sì rí èsì, ó ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó tó ìbéèrè 250,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn rúútà náà ti wà nílé àwọn oníbàárà, kò sí bí a ṣe lè kó wọn padà. Nítorí náà, nínú ètò tiyín, ẹ fi nọ́ńbà tí oní-nǹkan gba gbogbo ayé láyè láti lò síbẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìdàkejì, ẹ má jẹ́ kí ará ìta máa bi rúútà yín. Ní oṣù kejì 2014, àwọn kan fi ìbéèrè kékeré ránṣẹ́ sí àwọn sáfà NTP tó ṣí sílẹ̀, wọ́n fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn ṣe tiwọn, àwọn èsì ńláńlá sì ya lu ẹni ẹlẹ́ni; ìkún omi náà tó gígábíìtì 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú ilé nìkan ni kí rúútà máa dá lóhùn: kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà akáùńtì. Kí gbogbo wọn bi rúútà, kí rúútà bi ìta.

Wákàtí kan

NTP kò mọ Nàìjíríà. UTC nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Wákàtí kan tó wà láàárín òun àti wa, ọ̀rọ̀ ojú aago ni, kì í ṣe ti inú rẹ̀. Ẹni tó rí i pé rúútà fi wákàtí kan falẹ̀, tó sì tẹ `clock set` láti fi wákàtí kan kún un, ti ba aago tó tọ̀nà jẹ́. `clock timezone` ni kó tẹ̀. Aago bátìrì ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lórí UTC lórí Linux.

Bẹ́nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ wà ní wákàtí kan síwájú UTC. Tógò wà lórí UTC gan-an. Ẹni tó bá gbé ètò rúútà Kútọnu lọ sí Lomé láìyí `Africa/Porto-Novo` padà sí `Africa/Lome` yóò rí àkọsílẹ̀ tó fi wákàtí kan ṣáájú. Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni ti ọmọ ilé tó ń gbé ní London, tó ṣètò rúútà bàbá rẹ̀ láti ibẹ̀, tó sì fi `Europe/London` síbẹ̀. Bó bá jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni, aago London àti ti Èkó dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa fura. Ó di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá kí wọ́n tó dá aago tiwọn padà, kí ti bàbá sì falẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́

Mo ti ní màá padà sí ilé ìtura yẹn. Ẹni tó so rúútà wọn kò fi NTP sí i, bátìrì kò sì sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀ láti 1970 kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kà. Ọjọ́ nìkan ló ṣì. Àlàfo tó wà láàárín ìlà kan àti ìkejì pé pérépéré. Bí ẹ bá mọ àsìkò tòótọ́ fún ìlà kan ṣoṣo, ẹ ti mọ ti gbogbo ìyókù.

Ìlà àkọ́kọ́ tó sọ pé rúútà ti tàn ni mo mú: 00:00:14. Mo bi ọlọ́dẹ pé ìgbà wo ni iná dé. Ó gbé ìwé epo jẹnẹrétọ̀ wá. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú lòun pa jẹnẹrétọ̀ tí òun yí i sí NEPA. Láàárín ìyípadà yẹn ni rúútà kú tó sì jí. Mo bi í pé aago wo ló wò. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí, mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dọ́gba, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló ń sọ àsìkò fún méjèèjì. Mo wá lọ sídìí kámẹ́rà, mo fi fóònù wé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi yá. A jẹ́ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 12 ni wọ́n jáde, kì í ṣe 16.

Láti 1:40 sí 3:12 jẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 32. Mo wá gbogbo ìlà tó wà ní àyíká 01:32 nínú òru 1970 yẹn. Fóònù kan péré ló wọlé, ní 01:27. Mo kọ àdírẹ́sì MAC rẹ̀ sínú ìwé, mo kọ ìṣirò mi sábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè ṣì ní ìṣẹ́jú méjì síwájú tàbí sẹ́yìn, èmi àti ọlọ́dẹ sì fọwọ́ sí i kí mánẹ́jà tó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.